Ọjọ́ Tí Mo Ju Imọ̀ Ọ̀pẹ Màmá Sí Bíìnì

Àná ọjọ́ náà ni wọ́n yí aago ìlú London padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, nítorí náà ilẹ̀ tètè mọ́ lójú mi. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2024. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì 253 ní Stamford Hill, mo rìn dé ilé Màmá, mo wọ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́, mo sì dojú kọ yàrá ìjẹun tó rí bí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe.

Ohun gígùn kan wà nínú ọ̀rá lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo tú u wò. Imọ̀ ọ̀pẹ kan tó ti ń gbẹ, ẹ̀ka igi méjì tí ewé wọn ti dúdú, àti mẹ́ta mìíràn tí ewé wọn ń já lulẹ̀ bí mo ṣe ń gbé e. Mo ṣẹ́ imọ̀ náà sí méjì kó lè wọ bíìnì. Mo da èèpo ọ̀dùnkún lé e lórí, mo pa bíìnì dé, mo sì gba ilé ìdáná lọ.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí Màmá tó bèèrè. "Lulav mi dà?"

Tẹ̀ríntẹ̀rín ni mo fi dá wọn lóhùn pé mo ti bá wọn palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo rò pé ọpẹ́ ló kàn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Inú bíìnì? Pẹ̀lú èèpo ọ̀dùnkún?" Wọn ò pariwo rárá. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ ara wọn lórí tábìlì. Ká ní wọ́n bú mi ni, ara ì bá tù mí.

Mo jáde, mo ki ọwọ́ bọ bíìnì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Màmá jẹ́. N ò ní dárúkọ wọn. Iṣẹ́ kíà ni mo ń ṣe, èmi àti ọ̀pọ̀ obìnrin ilé wa tó wà ní London: a ń wẹ àgbàlagbà, a ń fún wọn lóògùn, a ń tún ilé wọn ṣe. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Júù ni wọ́n, lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Hasidim, àwọn onísìn tó di àṣà àtijọ́ mú ṣinṣin, tí wọ́n pọ̀ ní Stamford Hill ju bí wọ́n ṣe pọ̀ níbikíbi mìíràn ní Yúróòpù lọ. Àwa náà kò kéré ládùúgbò yẹn. Tí mo bá kúrò lọ́dọ̀ wọn, kí n tó dé ọjà Ridley Road láti ra ata àti ẹ̀fọ́, màá ti kí tó èèyàn mẹ́rin ní èdè Yorùbá. Odi ilé lásán ló wà láàárín àwọn àti àwa, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí èèyàn gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún kó má mọ ohun tí wọ́n ń gbé dání kọjá níwájú ilé rẹ̀.

Ohun tí mo gbé jù sí bíìnì yẹn, inú Bíbélì wa ló wà. Ẹ ṣí Léfítíkù orí 23, níbi tí Ọlọ́run ti ń sọ bí wọ́n á ṣe máa ṣe Àjọ Àgọ́: kí wọ́n mú èso igi dáradára, imọ̀ ọ̀pẹ, ẹ̀ka igi tó bò, àti igi wílò odò, kí wọ́n máa yọ̀ níwájú Olúwa fún ọjọ́ méje. Mo ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà. N kò rò ó rí pé àwọn kan ṣì ń lọ ra nǹkan wọ̀nyí ní ọjà lọ́dọọdún. Àṣé lẹ́yìn Ọdún Ìdáríjì wọn, ńṣe ni àwọn ọkùnrin máa ń dúró sídìí tábìlì ní Stamford Hill, tí wọ́n á mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, tí wọ́n á máa yẹ èso kan wò bí ẹni tó ń ra dáyámọ́ńdì. Àbààwọ́n bíńtín lè bà á jẹ́.

Imọ̀ ọ̀pẹ náà ni wọ́n ń pè ní lulav. Kì í ṣe ọ̀pẹ tó ń so ẹyìn, igi dàbínù ni. Kò sì gbọ́dọ̀ tíì là: ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra gbọnrangandan. Ẹni tó bá dàgbà nílé wa mọ ohun tí wọ́n ń pe irú ewé ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀. Màrìwò ni. Wọ́n á di ẹ̀ka mítílì mẹ́ta àti ẹ̀ka wílò méjì mọ́ ọn, wọ́n á fi ọwọ́ kejì mú èso, wọ́n á súre, wọ́n á sì mì ín síwájú, sẹ́yìn, sókè, sílẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Ojoojúmọ́ ni fún ọjọ́ méje, àyàfi Ọjọ́ Ìsinmi. Tí ọjọ́ keje bá kọjá, ó tán. Kò sí ohun tí wọ́n tún fẹ́ fi ṣe.

Ó tán náà ni mo rí, ni mo fi ju sí bíìnì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọmọ ọmọ wọn ọkùnrin kan dé, ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n ṣákálá tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Òfin. Màmá rojọ́ fún un ní èdè Yídìṣì. Mo gbọ́ "lulav", mo sì gbọ́ orúkọ mi. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ yìí dé iwájú Támúdù, ìwé ńlá tí àwọn olùkọ́ Júù àtijọ́ ti ń ṣàlàyé Òfin, èmi ni màá jàre.

Ó ní apá kan wà nínú Támúdù, tó dá lórí kíka ìwé Ẹ́sítérì, ibẹ̀ ni wọ́n ti pín ohun èlò ìsìn sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni èyí tí wọ́n fi ń pa àṣẹ mọ́: àgọ́ ọdún, lulav, fèrè ìwo àgbò, wajawaja etí aṣọ. Tí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ lè jù ú nù. Èkejì ni èyí tó bá ìwé mímọ́ fúnra rẹ̀ gbé: àpò ìwé Tórà, ìyẹn ìwé Òfin Mósè, ilé ẹsẹ ìwé tí wọ́n ń kàn mọ́ òpó ilẹ̀kùn, awọ tí wọ́n fi ń de ẹsẹ ìwé mọ́ apá àti iwájú orí. Èyí kò ṣeé jù, ńṣe ni wọ́n ń fi pamọ́. Lulav ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó ti di ewé padà. Àpò Tórà ní tirẹ̀, mímọ́ ti ràn án.

Mo wo Màmá. Wọ́n mọ òfin yẹn kó tó di pé wọ́n bí ọmọ tó ń sọ ọ́. Síbẹ̀, lulav tó ń rùn ọ̀dùnkún yẹn wà lórí tábìlì wọn, wọ́n fi aṣọ ìnujú nu ún, wọ́n sì gbìyànjú láti tọ́ ibi tí mo ti ṣẹ́ ẹ. Ọmọ náà wá sọ pé òótọ́ ni, pé àwọn ò kì í fi ìwọ̀sí kàn án. Ìwé Òfin ọ̀rúndún 16 kan, tí Moses Isserles, olórí àwọn olùkọ́ ní ìlú Kraków, fi àlàyé kún, sọ pé kí èèyàn ṣọ́ra kó má tẹ ẹ̀ka wílò ọdún mọ́lẹ̀, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti jù ú sílẹ̀, àti pé àwọn kan máa ń tọ́jú rẹ̀ títí di Ìrékọjá kí wọ́n lè fi dáná àkàrà àìwú.

Òfin gbà, ọwọ́ ò gbà. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára, nítorí mo mọ ọwọ́ tí kì í gbà.

Nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá màmá tó bí mi ni imọ̀ ọ̀pẹ Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ máa ń wà, wọ́n á há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà. Ẹ rántí pé kí kánópì tó dé, imọ̀ ọ̀pẹ la fi ń bo àtíbàbà tí a bá fẹ́ náwó. Tí ìnáwó bá parí, ewúrẹ́ á jẹ ewé rẹ̀, àwọn ìyá á họ àárín rẹ̀ ṣe ìgbálẹ̀. Ó lè jẹ́ orí igi kan náà ni wọ́n ti gé ti àtíbàbà àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá fi ti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ìgbálẹ̀ nílé màmá mi, ọjọ́ yẹn ló máa mọ̀ pé òun kì í ṣe ọmọ wọn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ló máa wà títí yóò fi pọ́n bíi tábà, tí yóò wá padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n á jó o di eérú tí wọ́n ń fi sàmì sí wa níwájú orí ní Ọjọ́rú Eléérú.

Níhà ti bàbá mi ní Ìwó, ilé-kéwú ni bàbá àgbà ní. Tí ọmọ kéwú bá ti ka ẹsẹ tó wà lójú wàláà rẹ̀ tán, wọ́n á fọ̀ ọ́ kí wọ́n lè kọ òmíràn. Omi dúdú tó bá ti ibẹ̀ jáde, tàdáwà lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Wọn kì í dà á sójú ọ̀nà. Mo rí ẹni tó mu ún rí. Mo rí ẹni tó fi bọ́jú.

Mi ò sọ pé ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó máa ń sọ pé Yorùbá àti Júù jọ ti ibì kan wá pọ̀ lórí Fésìbúùkù, mi ò sí lára wọn. Ohun tí mo rí kò tó bẹ́ẹ̀ rárá: ewé kan lè di ohun tí ọwọ́ ẹni kò lè jù mọ́, láìjẹ́ pé ìwé kankan sọ pé kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Yorùbá ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ibi tí wọn kì í ti í kọ nǹkan kan, ẹni tó bá níyì kì í fẹ́ kí wọ́n bá nǹkan òun níbẹ̀.

Ọgbọ́n tí àwọn Júù dá sí i ló wù mí. Wọ́n ní àwọn olùkọ́ méjì kan wà nínú Támúdù, Ami àti Assi. Tí búrẹ́dì tí wọ́n ti lò fún ètò Ọjọ́ Ìsinmi kan bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, òun ni wọ́n á súre lé lórí láti jẹun. Wọ́n ní nígbà tí a ti fi pa àṣẹ kan mọ́, ẹ jẹ́ ká tún fi pa òmíràn mọ́. Ìyẹn ni pé wọn kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, wọn kì í sì í jù ú. Wọ́n á wá iṣẹ́ kejì fún un.

Èso tó wà nínú Léfítíkù yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kó yé mi. Etrog ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú ìwé, esrog ni Màmá ń pè é. Mi ò fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ tí mo ń kó ilé nítorí inú àpótí fàdákà ló wà, mi ò sì kì í bá fàdákà ẹlẹ́ni ṣeré. Ó jọ lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n bu ajílẹ̀ sí nídìí jù. Ara rẹ̀ ṣe kúlúkùlú, èèpo rẹ̀ nípọn, omi inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ kò lè bó o jẹ bí ọsàn. Màmá sọ pé ìyá àwọn máa ń sè é ní jáàmù lẹ́yìn ọdún: wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á máa pààrọ̀ omi náà léraléra kí ìkorò rẹ̀ tó lọ, wọ́n á wá fi ṣúgà sè é. Wọ́n á fi pamọ́ di ọdún tuntun àwọn igi, ìgbà òtútù. Wọ́n á sì bù nínú rẹ̀ fún aboyún, kó lè bí wẹ́rẹ́. Ní àwọn ilé kan, aboyún á kàn fi eyín gé ṣóńṣó orí rẹ̀ ní ọjọ́ keje ọdún, á gbàdúrà ìbímọ. Mo bi wọ́n pé ṣé ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àwọn bí ọmọ mẹ́jọ. Mi ò bèèrè mọ́.

Lóde òní, wọ́n ń fín oògùn kòkòrò sí i lọ́pọ̀lọpọ̀ kí àbààwọ́n má bàa wà lára rẹ̀, nítorí náà Màmá kì í sè é. Ìgò kékeré kan ni wọ́n ní kí n bá àwọn gbé wá láti ilé ìdáná. Kí n tó ṣí i, imú mi ti mọ̀ ọ́n. Kànnáfùrù! Ohun tí màmá mi máa ń fi sí ihò eyín tó bá ń ro wọ́n. Ohun tí wọ́n ń bù sínú ata ọlọ́bẹ̀ aboyún. Mi ò retí rẹ̀ ní Stamford Hill.

A jókòó ti tábìlì. Ọwọ́ Màmá máa ń gbọ̀n, nítorí náà èmi ni mo ń fi igi ìtayín lu ihò sára esrog, àwọn ni wọ́n ń ki kànnáfùrù bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ. Wọ́n ní ní alẹ́ Sátidé, tí ìràwọ̀ bá ti yọ, tí Ọjọ́ Ìsinmi bá ń lọ, àwọn máa ń gbóòórùn nǹkan olóòórùn dídùn láti fi sìn ín. Esrog yìí ni wọ́n á máa gbóòórùn láti ìsinsìnyí lọ. Yóò gbẹ, yóò súnkì, yóò le bí òkúta, kò ní rà. Wọn kò mẹ́nu kan bíìnì mọ́. Nígbà tí mo ń wọ kóòtù mi, wọ́n ní kí n gbóòórùn ọwọ́ mi wò nínú bọ́ọ̀sì.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti di ẹni tó ń bèèrè. Lọ́dún yẹn, alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ni Hanukkah wọn bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń tan fìtílà fún alẹ́ mẹ́jọ. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo bá òróró ólífì nínú àwọn ife kéékèèké, òróró gidi tó wọ́n lọ́jà. Ẹ̀mí ọmọ Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú mi. Mo ní, "Màmá, ṣé kí n dà á padà sígò?" Wọ́n ní rárá. Èyí tó kù nínú ìgò, kí n fi din ẹyin bó bá wù mí. Èyí tó kù nínú ife lẹ́yìn alẹ́ kẹjọ, wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fún fìtílà, sísun ni wọ́n ń sun ún. Òwú rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ọmọ wọn kó o sínú ọ̀rá, ó so ó mọ́ lulav tí mo ṣẹ́ sí méjì, ó ní ó di Ìrékọjá.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà, Màmá fi bébà kan hàn mí tí wọ́n fi wé àjákù àkàrà àìwú láti Ìrékọjá tó kọjá. Àwọn kan gbà pé ó ń ṣọ́ ilé. Mo béèrè bóyá ó ń ṣọ́ ọ lóòótọ́. Wọ́n ní olè ò tíì wọlé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ife omi. Mo ti ń fi ife kan mu omi nílé Màmá láti oṣù tí mo ti débẹ̀, ife gíláàsì kúkúrú tó nípọn, irú rẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló wà lórí pẹpẹ. Àṣé ife àbẹ́là òkú ni. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣèrántí òkú wọn, nígbà àyájọ́ ikú tàbí ní àwọn ọdún tí wọ́n ń ṣe àdúrà ìrántí ní sínágọ́gù, wọ́n á tan àbẹ́là kan tó máa jó láti alẹ́ dé alẹ́ kejì nínú gíláàsì. Tó bá jó tán, wọ́n á fọ gíláàsì náà, ó di ife omi. Ilé Ashkenazi, àwọn Júù tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, pọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì jọ pé ó ń ba ẹnì kankan lẹ́rù. Mo gbé ife sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀yin náà mọ bí àwa ṣe rí. Màmá rẹ́rìn-ín mi. Wọ́n ní èyí tí mo ń fi mumi yẹn, ti ọkọ àwọn ni, èèyàn dáadáa ni, kò ní ṣe mí ní nǹkan kan.

Mo ronú délé lọ́jọ́ yẹn. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tèmi ní Tottenham, abọ́ rọ́bà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí àwòrán òkú wà lára wọn, "Sùn re o, Màmá Rere". Agboòrùn méjì. Ife tíì kan tí ojú bàbá kan ti ń ṣá lára rẹ̀, mi ò tiẹ̀ rántí ẹni tí bàbá náà jẹ́ sí mi mọ́. Súfẹníà ìnáwó òkú ni gbogbo wọn. Ìwé ètò ìsìnkú sì wà nínú dúrọ́ọ̀, ó ga tó ìwé Bíbélì, ojú òkú ló wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló lè gbé àwòrán ìyá oníyàá sínú bíìnì? Ta ló sì fẹ́ fi ojú rẹ̀ po gàrí lójoojúmọ́? Àwa tí a ń tẹ ojú òkú sára rọ́bà kò tíì ronú kan ibi tí rọ́bà náà máa parí sí. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ àwọn tó ń fi ife àbẹ́là mumi ti ronú jù wá lọ níbí.

Bíbélì màmá mi ló tún wá le jù.

Wọ́n kú ní 2019, Bíbélì wọn ló kàn mí nínú ẹrù wọn. Èèpo rẹ̀ ti já, ewé ìbẹ̀rẹ̀ Jẹ́nẹ́sísì ti bọ́ lọ, Sáàmù ti rọ̀ bí aṣọ àgbà. Ọjọ́ ìbí gbogbo wa wà nínú rẹ̀ ní lẹ́ẹ̀dì. Mi ò lè kà á, ó ń já sí mi lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ fún Màmá ní oṣù Èrèlé, ìgbà tí mo ń bá wọn to ìwé. Wọ́n ní tiwọn ní orúkọ: shaimos. Ìwé èyíkéyìí tí orúkọ Ọlọ́run bá wà nínú rẹ̀, tó bá gbó, wọn kì í jó o, wọn kì í jù ú. Orúkọ méje ló wà tí wọn kì í pa rẹ́ bí wọ́n bá ti kọ ọ́. Wọ́n ń kó wọn jọ sínú àpò, wọ́n ń lọ sin wọ́n sínú ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn nínú wọn kì í fi í kọ orúkọ náà tán nínú lẹ́tà, kí bébà ọjà má bàa di ohun tí wọ́n á sin.

Kó tó di sísin, ọ̀pọ̀ ìlú ní yàrá tí wọ́n ń kó o sí, genizah. Èyí tó lókìkí jù wà ní sínágọ́gù Ben Ezra ní Fustat, Káírò àtijọ́. Ní 1896, ìbejì obìnrin méjì ará Scotland, Agnes Lewis àti Margaret Gibson, ra àwọn ewé ìwé kan ní ìrìnàjò wọn, wọ́n fi han Solomon Schechter, olùkọ́ ní Cambridge. Ó rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì gba Íjíbítì lọ láàárín oṣù mélòó kan. Nǹkan bí 193,000 àjákù ló wà ní ilé ìkówèé Yunifásítì Cambridge lónìí. Ẹ má rò pé àdúrà nìkan ni. Nítorí tí wọn kò fẹ́ ṣèèṣì ju orúkọ Ọlọ́run nù, wọ́n kó gbogbo nǹkan síbẹ̀: ìwé ìgbéyàwó, ìṣirò ọjà, ìwé tí ọmọdé fi kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà kan wà tí David, ọ̀dọ́kùnrin oníṣòwò, kọ láti Aydhab ní etí Òkun Pupa sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, kí ẹ̀gbọ́n òun má ṣàníyàn. Ó kú sínú òkun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni Maimonides, oníṣègùn àti onímọ̀ Òfin tí gbogbo Júù mọ̀. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé òun dùbúlẹ̀ àìsàn fún nǹkan bí ọdún kan lórí ikú yẹn. Lẹ́tà àbúrò rẹ̀ wà títí dòní nítorí pé ẹnì kan ní àtijọ́ kò lè gbé e jù sí ààtàn.

Mo bi Màmá pé ìwé Tórà fúnra rẹ̀ ńkọ́, tó bá gbó. Wọ́n ní inú ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ Òfin.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ tẹ́ màmá mi sínú pósí, àwọn tó ń ṣètò òkú bi mí bóyá kí wọ́n fi Bíbélì náà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní ohun kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.

Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti wá irọ̀rí aṣọ òkè kan fún un, inú rẹ̀ ló wà.

Ìrékọjá 2025 dé. Alẹ́ Sátidé ló wọlé, wọn kì í sì í dáná ní Ọjọ́ Ìsinmi, nítorí náà àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 11 oṣù Igbe, ni wọ́n sun ìwúkàrà tó kù nílé. Ẹ ò rí iná ní Stamford Hill! Inú agbada irin ni wọ́n ń dá a sí, àwọn ọmọdé ń ju búrẹ́dì àti bisikíìtì sí i, èéfín gba àdúgbò kan. Mo ti Màmá nínú kẹ̀kẹ́ wọn jáde síta. Ọmọ ọmọ wọn gbé lulav dé. Ó ti pọ́n bíi tábà. Ibi tí mo ti ṣẹ́ ẹ ṣì hàn, ó gbé e sókè kí n rí i, ó sì ṣẹ́jú sí mi. Ó jù ú sí iná pẹ̀lú òwú Hanukkah. Ó gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń ta paapaa bí imọ̀ ọ̀pẹ ilé wa ṣe máa ń ta.

Nínú báàgì mi, imọ̀ ọ̀pẹ tèmi wà níbẹ̀, ti Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ 2024. Ó yẹ kí n ti dá a padà sí ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di Ọjọ́rú Eléérú, ọjọ́ 5 oṣù Ẹrẹ́nà, àmọ́ iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ náà. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń rò ó. Mo dúró níwájú iná yẹn, mo ti ṣí zíìpù báàgì. Mo wo ojú ọmọ náà, mo wo Màmá. Mo tún pa zíìpù dé. Iná náà ní ẹni tó ni ín, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ dáadáa yẹn máa wá ọ̀nà tó máa gbà sọ fún mi pé rárá.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 13, ni Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tiwa bọ́ sí. Mo mú ti àtijọ́ dání lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ìyáàfin, ọjọ́ eérú ti kọjá. Ẹ mú un bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀." Ó wá fi tuntun lé mi lọ́wọ́.

Méjì ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi báyìí.